Imú Orí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí Dókítà Eléyín sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbá ilẹ̀kùn dé gbàgà, ó gba àárín àwọn táyà tó wà nílẹ̀ kọjá, ó sì lọ dúró síwájú Ìyá Ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó fẹ́ yọ eyín rẹ̀ láìgún un lábẹ́rẹ́.

"Ìyá Ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ yìí tún kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí òkè lánàá," ó ní. "Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń kọjá lára mi. Ẹ ní kí n gbé e wá, mo gbé e wá. Ẹ ní ó ti dáa, kò dáa. Kí lẹ tiẹ̀ ń ṣe sí i gan-an?"

"Ẹ má bínú, Dókítà. Mo ti fọ kabúrétọ̀, mo ti pààrọ̀ àwọn púlọ́ọ̀gì..."

"Tí ẹ bá wá sọ́dọ̀ mi pé eyín ń dùn yín, tí mo yọ èyí tó dáa, tí mo fi èyí tó jẹrà sílẹ̀, ṣé ẹ máa fẹ́ gbọ́ 'ẹ má bínú' lẹ́nu mi?"

Obìnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó lè gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì láti òdì kejì ọ̀nà kó sì sọ ohun tó ń ṣe é, òun ló sorí kọ́ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n bá àṣìṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó bẹ ọkùnrin náà pé kó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní tí òun ò bá rí àrùn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kó máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Lápá kejì ṣọ́ọ̀bù náà, ọkọ rẹ̀ ń fi sáńpépà fá ara ilẹ̀kùn mọ́tò kan. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò yíjú padà. Sáńpépà ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni pé aládùúgbò ló ń jà lẹ́yìn ògiri.

Dídán ni àwọn oníbàárà ń pe ọkọ yìí, torí kò sí páànù tó rún tí kò lè nà kó tọ́, kò sì sí ọkọ̀ tó kùn tí èèyàn ò lè fi ara rẹ̀ ṣe dígí. Òun ló ń ṣe ara mọ́tò, ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà. Obìnrin á fi ọwọ́ elépo kan ilẹ̀kùn funfun tí ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ọkùnrin á fín ọ̀dà sórí ẹ́ńjìnnì tí obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ni wọ́n bá ṣòfin: ohunkóhun tí ọ̀dà bá kàn, ti ọkọ ni, ohunkóhun tí epo bá kàn, ti ìyàwó ni. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, tòde-tinú, ti ọkọ ni, torí ọ̀dà kàn án lókè, ó sì kàn án nísàlẹ̀. Tí ìyàwó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, á gbé e sókè, á fi ọ̀pá rẹ̀ tì í, á sì kọjú sí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Kì í gbójú sókè wò ó. Kò sí ohun tó kàn án níbẹ̀. Àwọn oníbàárà a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n pín mọ́tò bí ẹni pín ogún bàbá wọn, ṣùgbọ́n òfin yẹn mú kí ilé tòrò, ó sì tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Dókítà rọrùn níbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ pupa àtijọ́ ni, ó kúrú nílẹ̀, ó ń pariwo, olówó rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Orí òkè ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà. Tí ọkọ̀ náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè nínú oòrùn, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á sì kú. Ìyá Ẹ́ńjìnnì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti sọ ọ́ létí àwọn ọkùnrin méjèèjì pé, "Ẹ́ńjìnnì yìí ò ṣàìsàn. Ooru ara rẹ̀ ló ń fà símú. Ẹ jẹ́ ká fi imú kan sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ká dá ihò sábẹ́ rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tútù ojú ọ̀nà máa bọ́ tààrà sórí fílítà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí." Ó tiẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì láti fi ibi tí ihò máa wà hàn. Ọkọ rẹ̀ mi orí pé ó yé òun. Ó ní ìyẹn ò le.

Dídán ṣe imú náà. Ká má purọ́, imú náà rẹwà. Fáíbà ló fi ṣe é, ó fá a, ó kùn ún ní pupa tó bá ti ọkọ̀ mu rẹ́gí, èèyàn á búra pé bí wọ́n ṣe kó ọkọ̀ náà jáde nílé iṣẹ́ nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ là gbàgadà síwájú, inú rẹ̀ sì dúdú kirikiri. Dókítà yí ọkọ̀ náà ká títí, ó ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wá wò ó. Ìyá Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ yin ọkọ rẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

Ọkọ̀ náà gun òkè, ó kú. Wọ́n gbé e padà wá. Obìnrin náà ní bóyá kabúrétọ̀ ni, ó tú u palẹ̀. Ọkọ̀ náà tún lọ, ó tún kú. Ó yẹ páìpù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pààrọ̀ èyí tó ń gbé epo wá, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń ro ó. Kò rí nǹkan kan. Nídìí ibi tí wọ́n ti ń ta ọ́ìlì, àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọwọ́ Ìyá Ẹ́ńjìnnì ti ń wálẹ̀. Ìyẹn ò dùn ún tó ohun tó ń lọ lọ́kàn òun fúnra rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọwọ́ ara rẹ̀. Tó bá dé nọ́ọ̀tì kan, á tún padà lọ dì í, bí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́.

Àkókò yẹn náà ni ọ̀gá gáréèjì ńlá tó wà lẹ́bàá afárá ránṣẹ́ sí i pé kó wá di olórí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì lọ́dọ̀ òun. Ó kọ̀. Ó ní òun àti ọkọ òun ni àwọn jọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, òun ò lè fi í sílẹ̀. Ọ̀gá náà ní kó lọ tún un rò, ààyè ṣì wà. Dídán mọ̀ nípa rẹ̀. Ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ pé kò lọ.

Lẹ́yìn tí Dókítà ti bínú lọ, obìnrin náà gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ó fi ọ̀pá tì í, ó sì tún tẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Inú ń bí i, ọwọ́ rẹ̀ sì le ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń fa okùn kan tó há, ìgúnpá rẹ̀ gbá ọ̀pá náà, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì já bọ́, ó gbá a lórí kíì. Ó fi ọwọ́ kan gbé e kúrò lórí ara rẹ̀, ó sì gbójú sókè láti bú u.

Èpè náà kò jáde. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń wò. Páànù ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ láti igun dé igun, ọ̀dà pupa wà lára rẹ̀, kò sí ihò tó tó ẹ̀pà kan níbẹ̀.

Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó yí síwájú, ó ti ìka bọ inú imú rírẹwà náà. Ìka rẹ̀ ò tíì wọlé dáadáa tó fi kan irin. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n kùn ún kó lè jọ ihò jíjìn. Imú náà ò mí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe é, ìtura ni. Ọwọ́ òun ò wálẹ̀. Orí òun pé. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé, ó sì dé pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Ó rántí gbogbo ìgbà tí òun ti tẹ orúnkún fún Dókítà. Ó rántí ẹni tó ń fi sáńpépà fá ilẹ̀kùn nígbà tí òun ń tẹ̀ ẹ́.

"Dídán," ó ní.

Kì í pè é bẹ́ẹ̀. Oníbàárà ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìbejì ni òun ń pè é. Ọkùnrin náà gbé sáńpépà sílẹ̀.

"Ihò dà?"

"Ihò wo?"

"Má bi mí ní ihò wo. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìka bọ̀ ọ́ nímú ni."

Ó wo ilẹ̀, ó wo ìka ìyàwó rẹ̀, ó tún wo ilẹ̀. "Tí mo bá gé bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, òjò á máa wọ inú ẹ́ńjìnnì. Páànù yẹn á dógùn-ún. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi èyí sí i ná, pé bóyá ó máa tó. Nígbà tí kò tó, mo fẹ́ sọ. Ojú ló tì mí."

"Ojú ń tì ẹ́, o wá fi ojú tèmi gbolẹ̀."

"Ìyá Ìbejì..."

"Má pè mí. O rí mi lábẹ́ ọkọ̀ yẹn. O gbé omi wá fún mi níbẹ̀. O bẹ̀rẹ̀, o bi mí pé ṣé mo ti rí i. O mọ̀ pé kò sí nǹkan tí mo lè rí, o wá ń bi mí pé ṣé mo ti rí i."

Ọkùnrin náà bọ́ fìlà, ó tún dé e.

"Tú bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Òní la máa dá ihò sí i."

"Bọ́nẹ́ẹ̀tì, tèmi ni. A ti jọ..."

"Òfin yẹn, ìwọ lo pa á. Tú u sílẹ̀ kí n tó fi òòlù tú u."

Ó mọ̀ pé kò ṣàwàdà. Ó lọ wá sípánà.

Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ àfi ti iṣẹ́. Kí wọ́n tó tú u, obìnrin náà bu amọ̀ rírọ̀ lé orí ọmọrí fílítà, ó rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé lé e, ó tún ṣí i. Ibi tí amọ̀ ti fàmì sí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni ihò gbọ́dọ̀ wà. Wọ́n gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì kúrò, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àlòkù kí ọ̀dà rẹ̀ má bàa họ. Obìnrin náà fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sáàárín àwọn egungun bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwọn irin tó gbé e ró, torí ẹni tó bá gé ìyẹn, ọjọ́ kan ni bọ́nẹ́ẹ̀tì á fò lọ fọ́ gíláàsì mọ́ ọn lójú. Ó gbé ẹ̀rọ ìgérin. Bó ṣe fẹ́ kì í bọ igun, ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Lu ihò róbótó sí igun kọ̀ọ̀kan ná. Tí igun bá mú, páànù á ya láti ibẹ̀."

Ó fẹ́ já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n òótọ́ lọ́kùnrin náà sọ, ó sì mọ̀, ìyẹn sì tún dá kún ìbínú rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ náà lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà lu igun, ó gé e, ó fi fáìlì ra ẹnu ihò náà títí tó fi dán, ó sì kun etí rẹ̀ kó má dógùn-ún. Ó mọṣẹ́, ẹni ibi. Ká ní kò mọ̀ ọ́n ni, ìbá sàn díẹ̀.

Obìnrin náà fi páànù fẹ́lẹ́ ká àpótí kan yí fílítà ká, ó fi rọ́bà sí etí rẹ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pinpin tí wọ́n bá pa á dé, kí ooru má ríbi wọlé. Ó dá ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ àpótí náà lápá ẹ̀yìn, ó ki páìpù rọ́bà bọ̀ ọ́, ó jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó da omi sínú imú látòkè. Omi náà gba páìpù lọ, ó kán sílẹ̀ tótó. Fílítà ò rin.

"Òjò tí o ní ó ń bà ẹ́ lẹ́rù nìyẹn," ó ní. "Kò ju páìpù yìí lọ. O ò bi mí."

"Mi ò bi ẹ́," ni Dídán wí.

Wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì onírin sí ẹnu imú náà nítorí òkúta àti ewé, wọ́n sì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì padà sáyè rẹ̀. Obìnrin náà fi gọ́ọ̀mù lẹ òwú wẹ́wẹ́ mọ́ ẹnu imú. Ó wọ ọkọ̀, ó ta á, ó tẹ iná. Gbogbo òwú náà tẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n kọrí sínú ihò, wọ́n ń gbọ̀n. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ síwájú ọkọ̀, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ fún.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí orí òkè nígbà tí oòrùn gan. Ìyá Ẹ́ńjìnnì ló wà á. Níbi tó ti máa ń kú, obìnrin náà di ọwọ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin, ó retí kó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Kò mí hẹlẹhẹlẹ. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó jinlẹ̀, ó sì fa ara rẹ̀ gòkè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú aṣọ kúrò lójú imú rẹ̀. Wọ́n dé orí òkè, wọ́n kọjá rẹ̀.

Dídán gbá itan rẹ̀. "A ṣe é!"

"A?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

Obìnrin náà pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Tí Dókítà bá dé, ẹnu tìẹ lo máa fi sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní nǹkan kan lára, pé imú tó o ṣe ló dí, pé o sì mọ̀. Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́. Tó o bá sọ ‘àwa’, tó o bá sọ pé mo ràn ẹ́ lọ́wọ́, mo ń lọ sí gáréèjì ẹ̀bá afárá."

"Oníbàárà mi ni. Ṣé o fẹ́ kí n tẹ́ ni?"

"Èmi tí mo ti tẹ́ ńkọ́?"

Obìnrin náà ta ọkọ̀, ó sì yí i padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Dókítà dé lọ́jọ́ kejì. Dídán sì sọ ọ́. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó sọ ọ́. Ó dúró síwájú ọkùnrin náà, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Dókítà, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì yín. Imú tí mo ṣe ni kò ní ihò. Mo kùn ún ní dúdú kó lè jọ ihò. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ìyàwó mi ò jẹ̀bi nǹkan kan. Òun ló ní kí n dá ihò náà."

Dókítà wò ó, ó wo imú náà, ó bẹ̀rẹ̀ yọjú wò ó nínú, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tọkọtaya yìí! Ṣé ó ti wá dáa báyìí?"

"Ó ti dáa."

"Ó parí nìyẹn. Ìyókù, ọ̀rọ̀ ilé yín ni." Ó bọ Dídán lọ́wọ́, ó juwọ́ sí Ìyá Ẹ́ńjìnnì, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Kò rántí ọ̀rọ̀ eyín tó yọ àti eyín tó jẹrà. Wọ́n ń gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà bó ṣe ń gun òkè lọ, kò dúró.

Dídán mí kanlẹ̀. "Mo ti sọ ọ́ o. Ṣé inú ẹ ti rọ̀?"

Obìnrin náà wá inú ara rẹ̀ wò dáadáa, torí òun náà fẹ́ kó rọ̀. Kò rọ̀. "Dókítà lo sọ ọ́ fún," ó ní. "O ò tíì sọ fún mi."

"Kí ló kù tí o ò mọ̀?"

"O ní ojú tì ẹ́. Mo gba ìyẹn fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ńkọ́? Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, tó o gbé omi dání, tó o bẹ̀rẹ̀ wò mí, kí ló wà lọ́kàn ẹ?"

Ọkùnrin náà ká àkísà ọwọ́ rẹ̀, ó tú u, ó tún ká a.

"Ṣé òótọ́ lo fẹ́?"

"Òótọ́ ni."

"Ó dùn mọ́ mi," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Díẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá yà síbí, ìwọ ni wọ́n ń béèrè. Tí mo bá kun mọ́tò títí tó fi ń kọ mànà, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á ní ẹ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún. Mo wá rí i pé èyí ò yé ẹ. Mo ní ẹ jẹ́ kí n rí ọjọ́ kan tí ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan péré. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mi ò mọ bí mo ṣe máa dá a dúró mọ́."

Obìnrin náà ti rò pé òun ti bínú débi tí ìbínú mọ. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, ó sì dúró síbẹ̀ títí tí ohùn rẹ̀ fi padà sípò, torí kò fẹ́ pariwo. Òótọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin yìí láti ọjọ́ tí ọkọ̀ pupa yẹn ti wọ ṣọ́ọ̀bù nìyí, kò sì ní í fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀.

"Mo gbọ́," ó ní. "Ọjọ́ Ajé ni màá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́bàá afárá."

"Mo ṣe ohun tó o ní kí n ṣe. Mo sọ fún Dókítà."

"O ṣe é."

"Ṣé o ń kọ̀ mí sílẹ̀ ni?"

"Rárá. Ilé wa ni màá máa padà sí lálẹ́. Àmọ́ mi ò lè máa dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò mọ́ níbi tí ẹni tó dúró lókè mi ti ń gbàdúrà kí n má rí i."

Ìyá Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn sípánà rẹ̀, ó ń nù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú àpótí. Nígbà tó kún, ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ọn láti bá a gbé e. Obìnrin náà ní kó fi í sílẹ̀, ó sì dá a gbé. Àpótí náà wúwo, ó sinmi lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tún gbé e.